Ọkọ̀ Tí Wọ́n Fi Lọ Gbé Ọlọ́lá

[Fóònù ń dún. Ẹnì kan gbé e. Ariwo ìgbì àti atẹ́gùn lọ́dọ̀ ẹni tó pè.]

BÙSỌ́LÁ: Hẹ́lò? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀, ma.

MORÍKẸ́: Bùsọ́lá, káàárọ̀. Ṣé dáadáa lo jí? Ọkọ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?

BÙSỌ́LÁ: A dúpẹ́, ma. Dádì Tóbi ṣì wà lórí omi, níbi iṣẹ́ epo. Abereke ńkọ́? Òkun ò bínú jù?

MORÍKẸ́: Òkun wà níbi tó wà. Ó tún sún mọ́ ilé ìdáná mi díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe pè. Ṣé o gbọ́ mi?

BÙSỌ́LÁ: Mo ń gbọ́ yín.

MORÍKẸ́: Ìparí afárá pákó ni mo wà, ibi tí nẹ́tíwọ̀kì máa ń dé. Mi ò lè yí ọrùn. Bí mo bá kọjú sí ọ̀nà Awoye báyìí, ó ti já nìyẹn. Ṣé o ti gbálẹ̀ iwájú ilé?

BÙSỌ́LÁ: Ilé ta ni?

MORÍKẸ́: Ilé tìẹ náà, ní Igbókòdá níbẹ̀. Ṣé iwájú rẹ̀ mọ́?

BÙSỌ́LÁ: Ó mọ́ díẹ̀. Kí ló dé?

MORÍKẸ́: Kò sí nǹkan kan. Tóbilọ́ba ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?

BÙSỌ́LÁ: Ó ní kò wu òun.

MORÍKẸ́: Ó ní kò— Ṣé ó ti rù ni?

BÙSỌ́LÁ: Ẹ̀gbọ́n mi.

MORÍKẸ́: Mo kàn ń bi ọ́ ni. Ẹni tó bá ṣàdédé rí i, ṣé ó máa mọ̀ pé ẹ̀ ń fún un lóúnjẹ?

BÙSỌ́LÁ: Pupuru tí ọmọ yẹn jẹ lánàá, bí wọ́n bá pín in fún apẹja méjì, wọn ò ní lè wọ omi lónìí. Kí ló ṣẹlẹ̀?

MORÍKẸ́: Ó dáa. Jẹ́ kó wọ aṣọ tó dáa. Èyí tó ní òdòdó yẹn. Kó sì máa rẹ́rìn-ín.

BÙSỌ́LÁ: Kò lè rẹ́rìn-ín báyìí. Ó wà ní kíṣìnì, ó ń sunkún.

MORÍKẸ́: Ó ń sunkún? Bùsọ́lá, kí lo fi ṣe é?

BÙSỌ́LÁ: Èmi kọ́. Ìwé ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí apá kejì ìtàn Ọlọ́lá ni, níbi tí—

MORÍKẸ́: Má sọ ọ́. Má sọ ọ́. Mi ò tíì kà á.

BÙSỌ́LÁ: Mi ò sọ nǹkan kan. Mo ní ó ń sunkún ni.

MORÍKẸ́: Ẹkún ayọ̀ ni àbí ẹkún ìbànújẹ́? Rárá. Má dá mi lóhùn.

BÙSỌ́LÁ: Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ọmọ-ọmọ. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń gbọ̀n lórí ọmọdébìnrin inú ìwé.

MORÍKẸ́: Fi mí sílẹ̀, jàre. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, iná ni mò ń fẹ́ lábẹ́ ẹja. Mò ń wo ẹja, ẹja ń wò mí. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló wù mí. Ọlọ́lá fi odindi orí kan nínú ìwé ronú nípa irun rẹ̀, bóyá kó dì í ni àbí kó gé e. Odindi orí kan, Bùsọ́lá. Lórí irun. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn bíi pé èmi ni wọ́n jókòó tì.

BÙSỌ́LÁ: [ẹ̀rín] Èmi náà fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn.

MORÍKẸ́: Bó ṣe máa ń dá ìyàwó bàbá rẹ̀ lóhùn ńkọ́? Bí èmi bá wo ìyá wa lójú báyẹn, etí mi á dún títí di ọdún Àjíǹde. Gbogbo àwa tí a jọ ń yan ẹja ló ń gbọ́ ọ. Bí a ṣe ń yí ẹja ni mò ń kà á, tí mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Lórí ọmọkùnrin méjì tó ń dẹnu kọ Ọlọ́lá yẹn, àwọn tó fẹ́ràn Démiládé ò bá àwọn tó fẹ́ràn Jákọ́bù sọ̀rọ̀ mọ́. Wọn ò tiẹ̀ ra igi ìdáná pọ̀ mọ́.

BÙSỌ́LÁ: Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yìn ta lẹ wà?

MORÍKẸ́: Jákọ́bù ni. Démiládé ò mọ odò wẹ̀. Kí lèèyàn fẹ́ fi í ṣe? [Ìgbì lu pákó.] Ṣé o gbọ́ mi?

BÙSỌ́LÁ: Mo ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe torí Jákọ́bù lẹ ṣe rìn dé ìparí afárá. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

MORÍKẸ́: Ilẹ̀kùn yín, àwọ̀ ewé ló ṣì ní?

BÙSỌ́LÁ: Àwọ̀ ewé ni.

MORÍKẸ́: Igi àgbọn iwájú rẹ̀ ńkọ́?

BÙSỌ́LÁ: Ó wà níbẹ̀.

MORÍKẸ́: Ṣé ẹ lè gé e?

BÙSỌ́LÁ: Kí a gé àgbọn?

MORÍKẸ́: Báyìí-báyìí. Tàbí kí ẹ wá ọ̀dà mìíràn kun ilẹ̀kùn. Èyí tó bá yá nínú méjèèjì.

BÙSỌ́LÁ: Ẹ̀gbọ́n mi, please. Àyà mi ti ń já. Ta ló ń bọ̀ níbí?

MORÍKẸ́: Ó dáa. Ó dáa. O mọ àdúrà òwúrọ̀ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. O mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ léra—

BÙSỌ́LÁ: Ọkọ̀ á jáde lọ wá a. Ṣé Abereke kọ́ ni wọ́n bí mi sí ni? Bí wọ́n ṣe rí bàbá wa nìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lójú òkun.

MORÍKẸ́: Ẹ̀hẹn. Àdúrà tí kò bá ní ọkọ̀ lẹ́yìn, ariwo lásán ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn.

BÙSỌ́LÁ: Ta ló wá sọnù?

MORÍKẸ́: Kò sẹ́ni tó sọnù gan-an.

BÙSỌ́LÁ: Ta lẹ dárúkọ?

MORÍKẸ́: Ṣé o gbọ́ mi? Ó dà bíi pé ó ń já.

BÙSỌ́LÁ: Kò já. Ta lẹ dárúkọ?

MORÍKẸ́: Ọlọ́lá.

BÙSỌ́LÁ: Ọlọ́lá wo?

MORÍKẸ́: Ọlọ́lá wa yìí náà.

BÙSỌ́LÁ: Ọlọ́lá inú ìwé?

MORÍKẸ́: Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ibi tí ìyàwó bàbá rẹ̀ ti gba fóònù rẹ̀, tó tì í sínú òjò pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni apá kìíní parí sí, o mọ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo dé àdúrà, Bàbá Adégbóyè ní, ta ló ní ẹni tó wà nínú ìṣòro? Ẹnu mi kàn là fúnra rẹ̀. Mo ní, ẹ bá mi gbàdúrà fún Ọlọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n ti lé e sínú òjò. Wọ́n ní àmín. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ni.

BÙSỌ́LÁ: Ẹ̀yin náà ò sì sọ.

MORÍKẸ́: Mo fẹ́ sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá fúnra rẹ̀ ló dárúkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn. Ta ló fẹ́ gbé bàbá olórí ìjọ dìde lórí ìkúnlẹ̀ kó sọ fún un pé ìtàn ni? Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Happiness bú sẹ́kún, gbogbo ìjọ tẹ̀ lé e.

BÙSỌ́LÁ: Àwọn tí ẹ jọ ń yan ẹja ńkọ́? Àwọn mọ̀.

MORÍKẸ́: Wọ́n mọ̀. Wọ́n wò mí, mo wò wọ́n. Ìyá Gift ní kí n dákẹ́, pé ta ló mọ̀, bóyá àdúrà náà á wọ inú apá kejì.

BÙSỌ́LÁ: [ẹ̀rín] Ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde látọdún tó kọjá.

MORÍKẸ́: Kí ni Ọlọ́run ò lè ṣe? Like, seriously.

BÙSỌ́LÁ: Ta ló kọ́ yín ní "like, seriously"?

MORÍKẸ́: Ọlọ́lá. Mo sọ ọ́ fún Bàbá Adégbóyè lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé èdè àjèjì ti bà lé mi. Bùsọ́lá, gbọ́. Bàbá wá bi mí pé ilé wo ni ọkọ̀ máa lọ.

BÙSỌ́LÁ: Ẹ̀hẹn?

MORÍKẸ́: Mo ní Igbókòdá.

BÙSỌ́LÁ: Ẹ̀hẹn.

MORÍKẸ́: Ó ní ibo ní Igbókòdá. Ilé kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ní Igbókòdá.

BÙSỌ́LÁ: Ẹ̀gbọ́n mi.

MORÍKẸ́: Mo ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Mo ní àgbọn wà níwájú—

BÙSỌ́LÁ: Ẹ̀gbọ́n mi, ilé mi lẹ júwe?

MORÍKẸ́: Ṣé o gbọ́ mi?

BÙSỌ́LÁ: Mo gbọ́ yín dáadáa. Bó bá jẹ́ ilé mi ni ọmọ náà ń gbé, ta wá ni ìyàwó bàbá rẹ̀?

MORÍKẸ́: Nẹ́tíwọ̀kì yìí ò dáa rárá.

BÙSỌ́LÁ: Ta ni ìyàwó bàbá rẹ̀?

MORÍKẸ́: Mi ò dárúkọ rẹ. Wọn ò rántí rẹ mọ́, ó ti pẹ́ tí o ti kúrò nílé. Mo kàn ní obìnrin pupa kan ni, tó ní èjí.

BÙSỌ́LÁ: Èmi nìyẹn.

MORÍKẸ́: Wọ́n ní kí n ṣàpèjúwe.

BÙSỌ́LÁ: Kí ẹ sì ṣàpèjúwe mi?

MORÍKẸ́: Ojú rẹ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ìfẹ́ ni.

BÙSỌ́LÁ: Ìgbà wo ni wọ́n kúrò?

MORÍKẸ́: Láti ìdájí. Speed boat ni wọ́n gbé. Wọ́n á ti dé jẹ́tì yín báyìí. Bàbá Adégbóyè àti Ìyá Happiness ni. Wọ́n rán aṣọ funfun dání fún un. Wọ́n ti tún yàrá kan ṣe sílẹ̀, wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. O mọ ìjọ wa, ohun gbogbo la jọ ń ní. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá lé jáde, ilé wa gbà á. Bàbá ní ọmọ náà ò gbọdọ̀ sùn lọ́dọ̀ ìkà yẹn mọ́.

BÙSỌ́LÁ: Ìkà yẹn.

MORÍKẸ́: Kì í ṣe ìwọ. Tinú ìwé ni.

BÙSỌ́LÁ: Ẹ̀gbọ́n mi, mo gba fóònù Tóbilọ́ba lánàá.

MORÍKẸ́: O gba kí ni?

BÙSỌ́LÁ: Torí ìdánwò ni. Kò kàwé. Mo ní bó bá parí ìṣirò, màá dá a padà.

MORÍKẸ́: Dá a padà fún un kíá. Sáré.

BÙSỌ́LÁ: Ojú rẹ̀ sì ti wú fún ẹkún. Kò sì tíì jẹun.

MORÍKẸ́: Bàtà ńkọ́? Jọ̀ọ́, sọ fún mi pé ẹsẹ̀ méjèèjì ló wọ bàtà.

BÙSỌ́LÁ: Ẹsẹ̀ kan ni. Ajá gbé ìkejì lọ láàárọ̀.

MORÍKẸ́: Yéè. Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?

BÙSỌ́LÁ: Ó ti ń ṣú.

MORÍKẸ́: [ó ń gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́] Bùsọ́lá, má bínú. Kò pa mí lẹ́rìn-ín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Bàtà ẹsẹ̀ kan.

BÙSỌ́LÁ: Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe.

MORÍKẸ́: Kí ni mo ṣe tí a ò lè ṣàlàyé? Àgbàlagbà ni wọ́n. Wọ́n á gbọ́.

BÙSỌ́LÁ: Kì í ṣe torí tiwọn. Torí ọmọ náà ni. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, Àǹtí ló ń pè mí. Ìyá rẹ̀ kú, èmi dé. Mi ò bínú sí i, bó bá jẹ́ èmi ni òun, èmi náà ì bá máa pè mí ní Àǹtí. Ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́, ó ti tán. Bí mo bá wọ pálọ̀, á dìde. Ìwé wọ̀nyí ló là wá lójú sí ara wa.

MORÍKẸ́: O ò sọ ìyẹn fún mi rí.

BÙSỌ́LÁ: Ó fi ọ̀kan sílẹ̀ lórí àga. Mo ní kí n gbé e kúrò, mo bá ṣí i. Mo jókòó. Ọbẹ̀ jóná. Ó dé láti ilé-ìwé, ó ní ìwé òun dà. Mo ní kó jọ̀ọ́, Ọlọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ fò lé ọ̀kadà ni, mi ò lè dúró báyìí. Ó ní òun náà ò lè dúró. La bá ya ìwé náà sí méjì. Mo mú ti iwájú, ó mú ti ẹ̀yìn.

MORÍKẸ́: Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ìlàjì méjì lo fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi rò pé wọ́n jà lé e lórí nínú ọkọ̀ ni.

BÙSỌ́LÁ: Láti ọjọ́ yẹn la ti ń sọ̀rọ̀. Nípa Ọlọ́lá ni o, kì í ṣe nípa ara wa. Ó máa ń bú ìyàwó bàbá inú ìwé, èmi náà á bá a bú u. A máa ń bú obìnrin yẹn títí a ó fi rẹ́rìn-ín. Mo gbádùn ìwé yẹn ju oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n bíbú tí a jọ ń bú u yẹn, mo gbádùn ìyẹn jù ú lọ.

MORÍKẸ́: Bùsọ́lá.

BÙSỌ́LÁ: Ní báyìí, àgbààgbà méjì á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á pe èmi náà ní obìnrin yẹn, níṣojú rẹ̀. Wọ́n á bi í pé ṣé ó fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MORÍKẸ́: [ìgbì] Mo gbọ́ ẹ. Àbúrò mi, má bínú. Ẹnu mi ló ṣáájú mi.

BÙSỌ́LÁ: Ẹ pe Bàbá Adégbóyè lórí fóònù.

MORÍKẸ́: Kì í tan fóònù bó bá ń jíṣẹ́ Ọlọ́run. Ìwọ ni kí o sáré lọ sí jẹ́tì. Mú obì dání. Sọ pé o wá pàdé àwọn àlejò—

[Agogo ọwọ́ ń dún lókèèrè. Lẹ́yìn náà, wọ́n kan ilẹ̀kùn.]

MORÍKẸ́: Ìró kí nìyẹn?

BÙSỌ́LÁ: Wọ́n ti dé.

MORÍKẸ́: Má ṣílẹ̀kùn. Sọ pé o ò sí nílé.

BÙSỌ́LÁ: Ṣé èmi ni màá sọ fún wọn pé mi ò sí nílé? Tóbi— Tóbilọ́ba, má tíì ṣí i. Wọ slípáàsì mi. Tóbi—

[Ilẹ̀kùn ṣí.]

MORÍKẸ́: Fi mí sí speaker. Bùsọ́lá, fi mí sí speaker.

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: Àlàáfíà fún ilé yìí.

TÓBILỌ́BA: [ó fa imú] Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ káàárọ̀, ma.

ÌYÁ HAPPINESS: Bàbá, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: Mo ti rí i. Bàtà kan. Ọmọ, kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?

TÓBILỌ́BA: Ọlọ́lá ni, sà.

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: Ìwọ ni Ọlọ́lá.

TÓBILỌ́BA: Rárá, sà. Ọlọ́lá ti—

MORÍKẸ́: Má sọ ọ́. Tóbilọ́ba, mo bẹ̀ ọ́, má sọ ọ́.

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: Ta ló ń sọ fún ọmọ pé kó má sọ̀rọ̀?

BÙSỌ́LÁ: Ẹ káàbọ̀, sà. Fóònù ni, sà.

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: Wọ́n tún fi fóònù ṣọ́ ọ. Ọmọ, fóònù tìẹ dà?

TÓBILỌ́BA: Àǹtí gbà á lánàá, sà.

ÌYÁ HAPPINESS: Jésù. Ó pupa. Ó ní èjí. Gbogbo rẹ̀ pé.

BÙSỌ́LÁ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, ẹ mu omi, ẹ jẹ́ kí n—

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: A ò mu omi ìkà. Obìnrin, ṣé o mọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru, a kì í rán an lọ sínú òjò?

TÓBILỌ́BA: Òjò wo, sà?

MORÍKẸ́: Bàbá. Bàbá Adégbóyè. Moríkẹ́ ni mò ń sọ̀rọ̀, láti orí afárá. Ṣé ẹ gbọ́ mi, sà?

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: Moríkẹ́? Kí lo ń ṣe nínú fóònù obìnrin yìí?

MORÍKẸ́: Àbúrò mi ni, sà. Bùsọ́lá, ọmọ ìyá mi. Kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ọlọ́lá yẹn, sà— inú ìwé ló wà.

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: Ìwé wo?

MORÍKẸ́: Ìwé ìtàn, sà. Ti àwọn ọmọbìnrin. Ẹnì kan ló jókòó tó rò ó. Kò sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láyé.

[Ajá ń gbó níta.]

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: Mo gbààwẹ̀.

MORÍKẸ́: A mọ̀, sà.

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: Mi ò fi omi kan ẹnu.

MORÍKẸ́: Ẹ dárí jì mí, sà.

ÌYÁ HAPPINESS: Èmi tí mo sunkún ńkọ́? Mi ò sunkún báyẹn nígbà tí ọkọ mi kú.

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: [ó wúkọ́] Ọmọ.

TÓBILỌ́BA: Sà.

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: Ṣé wọ́n padà jẹ́ kó wọlé?

MORÍKẸ́: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì ka ibẹ̀—

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: Moríkẹ́, mo gbààwẹ̀ fún un. Mo lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀.

[Àwọn àlejò wọlé, wọ́n yí Tóbilọ́ba ká. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó pẹ́ díẹ̀.]

ÌYÁ HAPPINESS: Yéè.

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: Jákọ́bù ló ṣe ìyẹn?

TÓBILỌ́BA: Jákọ́bù ni, sà.

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: Mi ò rò bẹ́ẹ̀ sí i.

MORÍKẸ́: Kí ni Jákọ́bù ṣe? Rárá, ẹ má sọ ọ́. Kí ló ṣe?

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: [ó mí kanlẹ̀] Ó dáa. A ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kù. Ọkọ̀ tó bá jáde torí orúkọ kì í padà lófo. Kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà àwọn bàbá wa. Bí a bá gúnlẹ̀ sí Abereke láìgbé ẹnì kankan, kò sí apẹja tó máa wọ omi lọ́la. Ẹ̀rù á bà wọ́n.

ÌYÁ HAPPINESS: Òótọ́ ni. Aṣọ sì wà nílẹ̀. Ìwọ̀n ọmọ yìí gan-an ni.

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: A kì í fi tipá gbé èèyàn. Ṣùgbọ́n mo rí ẹkún lójú rẹ, mo rí ẹsẹ̀ rẹ. Mo ti rìn jìnnà, mi ò ní lọ láì bi ọ́. Ọmọ, ṣé ó wù ọ́ kí o bá wa lọ?

[Ìgbì lu pákó.]

MORÍKẸ́: Bùsọ́lá? Ó ń já o. Ṣé o gbọ́ mi? Kí ni Bàbá bi í?

TÓBILỌ́BA: Ó wù mí, sà. Mi ò rí òkun rí.

ÌYÁ HAPPINESS: Ògo.

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: Lọ gbé ẹrù rẹ.

TÓBILỌ́BA: Ṣùgbọ́n bí mọ́mì mi ò bá lọ, mi ò lọ, sà.

BÀBÁ ADÉGBÓYÈ: Ọmọ mi, wọ́n ní mọ́mì rẹ ti—

TÓBILỌ́BA: Ẹ̀yin lẹ dí i lọ́nà, sà. Òun ló ń fi ìró nu ojú lẹ́yìn yín yẹn. Mọ́mì, ẹ má sunkún mọ́. Ẹ mú apá kẹta dání, ká lè kà á nínú ọkọ̀.

[Ẹnì kan ń sunkún. Òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù.]

MORÍKẸ́: Hẹ́lò? Ta ló ń sunkún? Atẹ́gùn nìkan ni mò ń gbọ́ níbí. Ṣé ọmọ náà ń lọ ni? Kí ló sọ? Bùsọ́lá, eléyìí, mo fẹ́ gbọ́ ọ. Sọ ọ́ fún mi. Ṣé o gbọ́ mi?

BÙSỌ́LÁ: Mo gbọ́ yín. Ẹ̀gbọ́n mi, ó pè mí ní—

[Ìpè já.]